Ọ̀rọ̀ Ìta Nínú Ìpàdé Ẹgbẹ́ Alájẹṣẹ́kù: Èwo Ni Ká Gbà, Èwo Ni Ká Kọ̀? Ìbéèrè àti Ìdáhùn Láti Iléṣà

Ó ti lé lọ́dún mẹ́sàn-án tí mo ti ń ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa ní Iléṣà. Ìtòsí ọjà Àtàkúnmọ̀sà la ti ń pàdé. Oníṣòwò ló pọ̀ jù nínú wa, ṣùgbọ́n tíṣà wà, awakọ̀ wà, aránṣọ wà, àgbẹ̀ kòkó sì wà tó jẹ́ pé oko ló ti ń bọ̀ tààrà lọ́jọ́ ìpàdé. Láti ìgbà tí a ti tún òfin wa ṣe lórí ọ̀rọ̀ tó yẹ kéèyàn mú wá sípàdé àti èyí tí kò yẹ, àwọn akọ̀wé ẹgbẹ́ mìíràn ò yéé bi mí léèrè. Àwọn kan ń pè mí lórí fóònù, àwọn kan ń dá mi dúró ní Ẹrẹ́jà. Mo kó ìbéèrè wọn jọ síbí, mo sì dáhùn wọn bí ojú mi ṣe rí i.

Kí lẹ ń pè ní ọ̀rọ̀ ìta gan-an?

Gbogbo ọ̀rọ̀ tí kò kan owó ìfipamọ́, ẹ̀yáwó, sísan ẹ̀yáwó padà, èlé, èrè ọdún, àti ọjà tí ẹgbẹ́ bá fẹ́ rà lápapọ̀. Ẹ̀yin náà mọ̀ bó ṣe máa ń wọlé. A ti gbàdúrà, a ti pe orúkọ, mo ti ka àkọsílẹ̀ ìpàdé tó kọjá, akápò ń ka owó lọ́wọ́. Ẹnì kan á nawọ́: "Alága, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí láyè ìṣẹ́jú kan." Ìṣẹ́jú kan yẹn lè di ìdajì wákàtí. Ó lè jẹ́ ọ̀rọ̀ ìkómọ. Ó lè jẹ́ gọ́tà tó dí. Ó lè jẹ́ ewé tó ń wo ìtọ̀ ṣúgà, tàbí ẹni tó yẹ ká dìbò fún.

Ṣé kò ní rọrùn jù bí a bá fòfin de gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà?

A dán an wò. Ìpàdé kan ti gùn títí ilẹ̀ fi ṣú, àwọn obìnrin tó ní ọmọ kékeré nílé bínú, wọ́n sì jàre. Ìgbìmọ̀ wa wá pàṣẹ pé láti ọjọ́ náà lọ, owó nìkan la ó máa sọ. Ẹni tó bá mú ọ̀rọ̀ mìíràn wá, owó ìtanràn. Inú mi dùn sí òfin yẹn; èmi gan-an ni mo kọ ọ́. Ìpàdé ń parí láàárín ìṣẹ́jú 40. Mo rò pé a ti rí oògùn ẹ̀.

Nígbà tó di oṣù kẹta, ìyá kan tó ń ta aṣọ àǹkárá mú fọ́ọ̀mù ẹ̀yáwó wá. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé fún ẹni tí kò bá mọ̀: a kì í gba ilé tàbí ilẹ̀ ṣe ìdógò lọ́dọ̀ tiwa. Onídùúró méjì láàárín ọmọ ẹgbẹ́ ló máa fọwọ́ sí i. Bí ayáwó kò bá san án, inú owó ìfipamọ́ àwọn méjèèjì la ó ti yọ ọ́. Fọ́ọ̀mù ìyá yìí bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́. Ẹni tó bá gbà á á wò ó, á tún un wò, á gbé e fún ẹni tó jókòó tì í. Báírò wà lórí rẹ̀, mo so ó mọ́ ọn pẹ̀lú okùn kí ó má bàa sọnù. Kò sẹ́ni tó mú báírò náà. Fọ́ọ̀mù yí yàrá ká, ó padà sọ́dọ̀ oníǹkan.

Ẹnì kan wá ní, "Ìyá, ẹ máa bínú o, ṣùgbọ́n a ò rí yín ní ṣọ́ọ̀bù mọ́. Ṣé kò sí?" Ìyá náà wo alága, ó wo èmi náà, bí ẹni tó ń tọrọ àyè. Ó ní, "Bàbá àwọn ọmọ mi ló kú. Ó ti lé lóṣù méjì. Ẹ ní ká má mú ọ̀rọ̀ ilé wá síbí."

Gbogbo yàrá dákẹ́. Oṣù méjì gbáko ni obìnrin yìí fi ń wá sanwó láàárín wa, tí kò sẹ́ni tó kí i kú ara fẹ́ra kù. Kì í ṣe pé àwọn tó kọ̀ láti fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù rẹ̀ burú. Wọn ò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí i ni, kò sì sẹ́ni tó máa fi owó ara rẹ̀ dúró fún ẹni tí kò mọ bí nǹkan ṣe ń lọ nílé rẹ̀. Ohun tí mo rí kọ́ lọ́jọ́ yẹn ni pé ọ̀rọ̀ ìta tí mò ń kà sí ìfàkókò-ṣòfò gan-an ni ìdógò wa. Ibẹ̀ la ti ń mọ ẹni tí à ń yá lówó. A fagi lé òfin náà kí a tó dìde lọ́jọ́ náà.

Bí a ò bá lè dè é pátá, kí ni òṣùwọ̀n yín báyìí?

Ìbéèrè méjì la máa ń bi ara wa. Èkíní: ṣé ọ̀rọ̀ yìí máa jẹ́ ká túbọ̀ mọ ara wa débi tí ẹnì kan á fi lè dúró fún ẹnì kejì? Èkejì: ṣé ó lè mú kí ọmọ ẹgbẹ́ kan kọ̀ láti wá sanwó lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, nítorí ìtìjú, ìbínú tàbí ìbẹ̀rù? Bí èkíní bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni tí èkejì sì jẹ́ rárá, ẹ jẹ́ kó sọ ọ́. Bí èkejì bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, kò sí ohun tí èkíní lè sọ tó máa gbà á sílẹ̀.

Ẹ ò ní rí ibi tí mo ti béèrè bóyá ọ̀rọ̀ náà kan owó ẹgbẹ́. Àṣìṣe tí a ṣe lákọ̀ọ́kọ́ nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ òkú, ìkómọ, ìgbéyàwó àti àìsàn ńkọ́?

Ẹ gbà wọ́n. Ohun kan ṣoṣo tí a fi kún un ni pé ẹni tó ni ọ̀rọ̀ ló gbọ́dọ̀ sọ ọ́, tàbí kó rán ẹlòmíràn. A ti rí ẹni tó dìde pé ká gbàdúrà fún arákùnrin kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún pé ó ní àrùn kan báyìí báyìí. Arákùnrin náà kò tíì sọ fún ìyàwó rẹ̀. Àdúrà tó wá láti inú ọkàn rere ló tú u láṣìírí. Láti ìgbà náà, bí ara ẹnì kan kò bá yá, ohun tí a máa ń sọ ni pé "ara kò yá a, ó ń fẹ́ àdúrà." A kì í dárúkọ àìsàn.

Aṣọ ẹbí: ẹ lè kéde rẹ̀, ẹ má fi dandan mú ẹnikẹ́ni. Ẹ má sì gba akápò láyè láti yọ owó aṣọ nínú owó ìfipamọ́ ẹnì kan, kódà bí oníǹkan bá ní kí ó yọ ọ́.

Òṣèlú ńkọ́? Gbogbo èèyàn ló ń sọ ọ́.

Èyí ló le jù, nítorí náà ẹ fara balẹ̀ bá mi kà á.

Ìlànà pé kí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù má dá sí òṣèlú kì í ṣe ohun tí wọ́n hùmọ̀ ní Iléṣà. Nígbà tí àwọn ahunṣọ àti oníṣẹ́ ọwọ́ ìlú Rochdale ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dá ẹgbẹ́ wọn sílẹ̀ lọ́dún 1844, àwọn 28 tó bẹ̀rẹ̀ kò ní èrò kan náà lórí òṣèlú, bẹ́ẹ̀ ni wọn ò jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì kan náà. Ohun tó so wọ́n pọ̀ ni ìyẹ̀fun àlìkámà, bọ́tà, ṣúgà àti óòtù tí wọ́n fẹ́ rà láìsí èérí, ní òṣùwọ̀n tó péye. Lọ́dún 1937, àjọ àgbáyé àwọn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ka àìdá sí òṣèlú àti ẹ̀sìn mọ́ ara àwọn ìlànà tó jogún lọ́wọ́ Rochdale. Nígbà tí wọ́n tún ìlànà wọ̀nyẹn kọ lọ́dún 1995, ohun tí wọ́n tẹnu mọ́ ni pé a ò gbọ́dọ̀ tìtorí òṣèlú tàbí ẹ̀sìn dá ẹnikẹ́ni padà lẹ́nu ọ̀nà. Nílẹ̀ tiwa, ọdún 1935 ni òfin àkọ́kọ́ lórí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù jáde, àwọn àgbẹ̀ kòkó ilẹ̀ Yorùbá sì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ jàǹfààní rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìwé kọ́ ló kọ́ wa lẹ́kọ̀ọ́. Àwọn àgbà tó wà nínú wa rántí wẹ́tiẹ̀, ìjà òṣèlú tí wọ́n ti ń dáná sun ilé àti èèyàn lẹ́yìn ìbò 1965. Bàbá wa kan sọ fún wa pé ẹni tí òun àti bàbá òun jọ ń gbé kòkó lọ sórí òṣùwọ̀n ló sáré wá sọ fún wọn lóru pé kí wọ́n kúrò nílé, ẹni tó sì ń bọ̀ wá dáná sun ilé náà, òun náà jẹ́ ẹni tí wọ́n jọ ń gbé kòkó lọ sórí òṣùwọ̀n. Ẹnu òṣùwọ̀n kan náà. Bàbá yìí kì í gbé ohùn sókè bó bá ń sọ ọ́.

Nítorí náà, orúkọ ẹgbẹ́ òṣèlú kò gbọ́dọ̀ jáde nínú ìpàdé wa. Fìlà, aṣọ tàbí sítíkà olùdíje kò gbọ́dọ̀ wọlé. Nígbà tí ìbò gómìnà Ọ̀ṣun ti 16 oṣù Keje 2022 ń bọ̀, aṣojú olùdíje kan ránṣẹ́ pé àwọn fẹ́ wá "kí ẹgbẹ́," àwọn sì máa gbé ìrẹsì dání. Àríyànjiyàn ṣẹlẹ̀ láàárín ìgbìmọ̀, torí pé ìrẹsì wọ́n, ebi sì ń pa àwọn kan. A kọ̀ ọ́. A ní kí wọ́n lọ máa kí oníkálukú nílé rẹ̀. Ìdí tí a fi kọ̀ ni pé àpò ìrẹsì tó bá wọ inú ẹgbẹ́, ẹni tí kò fẹ́ olùdíje náà kò ní lè jẹ ẹ́, kò sì ní lè kọ̀ ọ́ lójú gbogbo èèyàn. A ti pín ẹgbẹ́ sí méjì nìyẹn, àpò ìrẹsì kò tíì tú.

Ṣé òfin ìjọba tó kan owó wa náà jẹ́ òṣèlú?

Rárá. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìyẹn pa yín lẹ́nu mọ́. Nígbà tí wọ́n pààrọ̀ owó 200, 500 àti 1,000 náírà ní ìparí 2022, tí owó bébà wá di ohun àwátì ní oṣù Kejì 2023, kí la fẹ́ sọ nípàdé tí a ò ní sọ ọ́? Èèyàn wa kan ń ta ẹ̀fọ́. Àwọn oníbàárà rẹ̀ kò rí owó mú wá, òun náà kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń fi owó ránṣẹ́ lórí fóònù. A fi ìpàdé méjì odindi kọ́ àwọn àgbà bí wọ́n ṣe ń gba owó sí àkáǹtì, a sì sún ọjọ́ sísan ẹ̀yáwó síwájú. Ẹni tó fẹ́ sọ ẹni tó fà á, a ní kó dá a dúró di ìgbà tó bá dé ilé. Ibẹ̀ ni ààlà wà: ohun tó ṣẹlẹ̀ sí owó wa àti bí a ó ṣe là á já, ẹ sọ ọ́; ẹni tó yẹ ká bú, ẹ fi sílẹ̀.

Ẹ̀sìn àti àdúrà?

Kìrìsìtẹ́nì ló máa ń gbàdúrà ìbẹ̀rẹ̀ lọ́sẹ̀ kan, Mùsùlùmí lọ́sẹ̀ kejì. A ní oníṣẹ̀ṣe kan láàárín wa, ó pẹ́ kí ó tó sọ pé òun náà fẹ́ gbàdúrà. Nígbà tó sọ ọ́, ó ti wà lórí àtò. Ẹ kí ara yín kú ọdún Kérésì, kú ọdún Iléyá, kú ọdún Ìwúdè Ìjẹ̀ṣà. Ìwàásù kò sí. Ìran tí ẹnì kan rí nípa ọmọ ẹgbẹ́ mìíràn kò sí, kò sí, kò sí. Mo sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta nítorí pé obìnrin kan fi ẹgbẹ́ wa sílẹ̀ nítorí ìran tí wọ́n rí sí i lójú gbogbo èèyàn, a ò sì rí i mú padà wá títí di òní.

Ṣé kí ọmọ ẹgbẹ́ polówó ọjà rẹ̀?

Kí ó polówó rẹ̀. Ọjà tó bá tà ni yóò fi sanwó ẹgbẹ́. A fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá sílẹ̀ ní ìparí ìpàdé, kí ẹni tó fẹ́ lọ lè lọ. Ẹni tó fẹ́ tà lè gbé ọjà rẹ̀ jáde: iṣu, epo, bàtà, ọṣẹ dúdú.

Ohun tí a kò gbà ni òwò tí a kò lè fọwọ́ kàn, pàápàá èyí tó ń ṣèlérí pé owó á pọ̀ sí i láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ṣiṣẹ́. Ọdún 2016 ni ojú wa là. MMM, tí Sergei Mavrodi dá sílẹ̀ ní Rọ́ṣíà, ti wọ ilẹ̀ wa, wọ́n sì ń ṣèlérí ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún lóṣooṣù. Inú ìpàdé gan-an ni ẹnì kan ti sọ ọ́ fún wa. Ó dáa lójú, ó fi owó tó gbà hàn wá lórí fóònù, kò sì pa irọ́. Ó ti gbà á lóòótọ́. Àwọn mélòó kan yá owó ẹgbẹ́, wọ́n kọ "ọjà" sínú fọ́ọ̀mù, wọ́n kó o lọ síbẹ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún náà, MMM ti gbogbo àkáǹtì pa. Ẹni tó mú ọ̀rọ̀ náà wá pàdánù owó tirẹ̀ náà. Ó sì gba èmi àti alága ní ọ̀pọ̀ ìrọ̀lẹ́ láti máa bẹ àwọn onídùúró kí wọ́n má ṣe bá a jà.

Bí ẹnikẹ́ni bá bẹ̀rẹ̀ pé "ẹ fi èyí síbẹ̀, kò ní pẹ́ tí á fi di méjì," ẹ dá a dúró lójú ẹsẹ̀, kódà bó jẹ́ alága.

Oògùn àti ìmọ̀ràn ìlera?

Ẹ rántí oṣù Kẹjọ 2014, lẹ́yìn tí Ẹ̀bólà ti wọ Nàìjíríà. Ìròyìn kan gba orí fóònù kan lóru pé ká fi omi iyọ̀ wẹ̀, ká sì mu ún kí ilẹ̀ tó mọ́. Ìyá mi jí gbogbo ilé, ó ti po omi náà sínú bááfù, àwa ọmọ to lọ́wọ̀ọ̀wọ́. Irọ́ ni. Omi iyọ̀ kò wo Ẹ̀bólà, ó sì ṣèpalára fún àwọn tó mu ún jù, pàápàá ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Ẹni tó fi ránṣẹ́ sí ìyá mi fẹ́ràn rẹ̀ dénú.

Òfin wa lórí èyí ṣe ṣókí: ẹ lè sọ pé "ó ṣe mí báyìí, mo lọ sí ọsibítù." Ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni pé kó lo nǹkan.

Gbèsè kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìta. Ṣé a lè pe orúkọ àwọn ajigbèsè ní gbangba?

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó béèrè èyí, torí òun ló jẹ́ kí n rí i pé ọ̀rọ̀ tó jẹ mọ́ ìpàdé gan-an lè burú ju ọ̀rọ̀ ìta lọ.

Ìjẹ̀ṣà ni wá. Òṣómàáló ni wọ́n ń pè wá káàkiri. Àwọn bàbá wa ru aṣọ lọ sí ìlú onílùú, wọ́n tà á láwìn, ìgbà tí ọjọ́ bá sì pé, wọ́n á lọ lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè: òṣó ni màá ló títí màá fi gbowó mi. Bàbá bàbá mi ṣe é. Nítorí náà àwọn kan nínú ẹgbẹ́ sọ pé kíka orúkọ ajigbèsè síta wà nínú ẹ̀jẹ̀ wa. Mo ní kí wọ́n tún ìtàn náà gbọ́ dáadáa. Òṣómàáló kò kó ará ọjà lẹ́yìn. Òun fúnra rẹ̀ ló rìn lọ, ẹnu ọ̀nà ẹni tó jẹ ẹ́ lówó ló lóṣòó sí, ẹni náà ló ń wò lójú. N kò sọ pé ojú kò ti onígbèsè náà. Ó tì í. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó ṣì lè yanjú láàárín ẹni méjì ni.

Nígbà tí àwa ń ka orúkọ síta, ẹni tí a kà kò wá mọ́. Kò sanwó tó jẹ, kò sì san owó ìfipamọ́. Ìyàwó rẹ̀ tó jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ náà kò wá. Báyìí, iye gbèsè tó wà níta ni mò ń kà nípàdé, láìdárúkọ. Ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́ta, tí obìnrin kan wà nínú wọn, ni yóò lọ kí onítọ̀hún nílé. Wọ́n á jókòó, wọ́n á béèrè àlàáfíà kí wọ́n tó béèrè owó. Owó ń wọlé ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ oyè àti ọ̀rọ̀ ilẹ̀?

Rárá. Ọmọ ilé olóyè orísìírísìí wà láàárín wa, ọ̀pọ̀ ẹjọ́ ilẹ̀ sì ń bẹ ní kóòtù. Àwọn tó yẹ kó sọ ọ́ wà, ibi tó yẹ kí wọ́n ti sọ ọ́ wà.

Bọ́ọ̀lù?

Kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀, tí a ṣì ń retí àwọn tó pẹ́. Arsenal àti Chelsea ti jẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ wa máa tètè dé.

Báwo lẹ ṣe ń ṣe ti Wásáàpù ẹgbẹ́?

Ojú ìwé méjì la ní. Ọ̀kan wà tó jẹ́ pé èmi, alága àti akápò nìkan ló lè kọ nǹkan síbẹ̀. Wásáàpù ti fàyè gba ìyẹn láti 2018. Ọjọ́ ìpàdé, iye tó yẹ kí á san, ìkéde òkú: ibẹ̀ ló ń wà, ẹni tí kò bá fẹ́ ariwo lè dúró síbẹ̀ nìkan. Èkejì jẹ́ ti gbogbo wa.

Lórí èkejì yìí, òfin kan ṣoṣo ló borí: ohun tí ẹ bá fúnra yín kọ tàbí tí ẹ fúnra yín yà ni kí ẹ fi ránṣẹ́. Ohun tí ẹlòmíràn fi ránṣẹ́ sí yín, ẹ má fi ránṣẹ́ síwájú. Ọfà kékeré máa ń wà lórí ọ̀rọ̀ tí wọ́n ti fi ránṣẹ́ káàkiri. Bó bá ti rìn jìnnà, ọfà méjì ló máa ń ní, láti 2020 sì ni Wásáàpù kò ti jẹ́ kí irú rẹ̀ lọ sí ju ibì kan lọ lẹ́ẹ̀kan. Bí ẹ bá ti rí ọfà méjì, ẹ fi sílẹ̀. Àwọn kan bínú pé àwòrán òdòdó òwúrọ̀ àti àdúrà ọjọ́ Ajé kò ṣe ẹnikẹ́ni ní ibi. Ó ń jẹ dátà àwọn ìyá àgbà, ó sì ń bo ìkéde tó ṣe pàtàkì mọ́lẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kí wa káàárọ̀, kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ̀ ẹ́. "Ẹ káàárọ̀ o, òjò ń rọ̀ ní Òkèsà" dùn mọ́ mi ju òdòdó ọgọ́rùn-ún lọ.

Ìròyìn ààbò, bíi ewu tó wà lójú ọ̀nà Àkúrẹ́: ẹ sọ ọ́ nígbàkúùgbà, kódà lóru, bí ẹ bá wà níbẹ̀ tàbí bí ẹni tí ẹ mọ̀ bá wà níbẹ̀. Ẹ sọ aago tí ó ṣẹlẹ̀.

Báwo la ṣe máa dá àgbàlagbà dúró tí a ò ní rí i fín?

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ti ń ṣubú. Wọ́n kọ òfin tó dáa, wọn ò sì rí ẹni tó máa ṣe é. Ọmọ ọdún 30 kò lè sọ fún bàbá ẹni 70 pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti yà bàrá.

A fi ìyá ẹgbẹ́ kan sípò fún èyí, òun ló dàgbà jù nínú àwọn obìnrin. Agogo kékeré kan wà níwájú rẹ̀, kì í sábà lù ú. Ohun tó máa ń ṣe ni pé ó á dúró de ibi tí bàbá náà bá ti mí, á wá ní, "Bàbá, ọ̀rọ̀ yín dùn, adùn rẹ̀ sì pọ̀ ju ìpàdé yìí lọ. Ọ̀la la ó wá gbọ́ ìyókù nílé yín." Ó sì máa ń lọ lóòótọ́! Mo bá a lọ lẹ́ẹ̀kan. Bàbá náà gbé àga jáde, ó ní kí wọ́n gúnyán, ó sì sọ gbogbo ọ̀rọ̀ ọ̀nà oko rẹ̀ tí wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Wákàtí méjì. Ó kàn ń fẹ́ ẹni tó máa gbọ́ ọ ni. Kò mú ọ̀rọ̀ náà wá sípàdé mọ́.

Bó bá sì jẹ́ pé ìjà ilé ni ẹnì kan gbé wá, oríkì wa ló máa ń fi dá a dúró: "Ìjẹ̀ṣà kì í rídìí ìṣáná, ilé lọmọ Owá ti í múná roko. Oko ni wọ́n ní ká mú un lọ o, wọn ò ní ká mú un wá síbí." Inú ẹni náà á rọ̀.

Owó ìtanràn? A ṣì ní in nínú ìwé. Ní ọdún mẹ́rin, ẹ̀ẹ̀kan la ti gbà á.

Ta ló ń dájọ́ nígbà tí a ò bá mọ ibi tí ọ̀rọ̀ kan wà?

Alága, lójú ẹsẹ̀, kó sì gbà kí ọ̀rọ̀ náà dúró di ìpàdé tó ń bọ̀ bí kò bá dá a lójú. Ọ̀rọ̀ tó lè dúró ọ̀sẹ̀ kan, bó bá dúró, ìdajì rẹ̀ á ti yanjú. Òkú, àìsàn ojijì àti ọmọ tó sọnù nìkan ni kì í dúró.

Ṣé ẹ ń tún òfin yìí yẹ̀ wò?

Lọ́dọọdún, ní ìpàdé àpapọ̀ tí a ti ń pín èrè. Ẹnikẹ́ni lè dábàá, a ó dìbò nípa nína ọwọ́. Lọ́dún kan, àwọn ìyá béèrè pé kí á máa sọ̀rọ̀ owó ilé-ìwé ní oṣù Kẹsàn-án, ibi tí wọ́n ti ń ta ìwé ní ẹ̀dínwó, ẹni tó ní aṣọ ilé-ìwé tí ọmọ rẹ̀ ti dàgbà kọjá. A gbà á. Lọ́dún mìíràn, ẹnì kan fẹ́ kí á gba tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù láyè. Ọwọ́ méjì ló gòkè.

Èyí tó kẹ́yìn wá láti ọ̀dọ̀ ìyá aláǹkárá tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ lókè. Ó ti san ẹ̀yáwó náà tán tipẹ́, òun fúnra rẹ̀ sì ti ṣe onídùúró fún ẹni mẹ́ta. Ó ní kí ìkéde òkú má dúró di ìparí ìpàdé mọ́, nítorí pé ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ kì í lè jókòó pẹ́. Kí á gbọ́ ọ lẹ́yìn àdúrà ìbẹ̀rẹ̀, kí akọ̀wé tó ka ohunkóhun. Gbogbo ọwọ́ ló gòkè. Nítorí náà, lọ́jọ́ ìpàdé wa báyìí, bí a bá ti ṣe àmín, mo máa ń gbé ìwé mi sílẹ̀ lórí tábìlì, màá sì béèrè bóyá ẹnikẹ́ni ní ọ̀rọ̀ ilé.